Omi Inú Gíláàsì Tíṣà

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń pe Tíṣà ní Báwo-lẹ-ṣe-mọ̀, kò sì bínú sí orúkọ náà rí. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi fà á. Bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá pariwo pé òjò ń bọ̀, á ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní àwọn ọmọ òde òní ò gbọ́n mọ́, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ wá sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè yìí kan náà ló fi dá a lóhùn, ọkùnrin náà sì fi odidi ọdún méjì wá ìdáhùn. Ọkọ ti kú báyìí. Ìbéèrè kò kú.

Ọdún tó ṣe kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ ni oníṣẹ́ ìyanu kan wá sí gbọ̀ngàn wọn. Ọkùnrin náà bu omi sínú abọ́, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ro omi náà, omi sì di ẹ̀jẹ̀. Ló bá nawọ́ sí ọmọbìnrin kan, ó ní ọmọ náà ló ń jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Tíṣà dìde lójú ẹsẹ̀, ó ní oògùn inú yàrá sáyẹ́ǹsì ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ta ló gbọ́? Ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kúrò nílé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Tíṣà wọ egungun. Ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, àfi kí ojú wọn rí i.

Bó ṣe fẹ̀yìn tì báyìí, ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Wádìí-Wò ló gbà lọ. Ẹgbẹ́ tí kò wá èrè ni. Ohun tí wọ́n ń jà fún ni pé kí èèyàn béèrè ẹ̀rí kó tó gba nǹkan gbọ́, kí àwọn ọmọ mọ sáyẹ́ǹsì dáadáa, kí ìjọba má sì gbè sẹ́yìn ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì wọn kò ju yàrá méjì lọ, lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan: tábìlì mélòó kan, fáànù tó ń yí nígbà tó bá wù ú, àti pátákó tí Alága ẹgbẹ́ kọ òfin rẹ̀ sí gàdàgbà. A KÌ Í PARỌ́, BÓ TI WÙ KÍ IRE INÚ RẸ̀ PỌ̀ TÓ.

Tíṣà ni wọ́n gbé àpótí idán sáyẹ́ǹsì wọn fún, kó máa gbé e kiri. Láti gbọ̀ngàn ìpàdé dé ọgbà mẹkáníìkì, á gbé gíláàsì omi kalẹ̀ níwájú èrò, á bu ìyẹ̀fun oògùn díẹ̀ sí i, omi á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á kígbe. Á fún osàn wẹ́wẹ́ sí i, omi á tún mọ́ padà. Ìgbà yẹn ni á tó wá ṣàlàyé fínnífínní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ á fi máa ta wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n délé, Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé o rí ojú àwọn èèyàn yẹn?"

"Mo rí i. Inú wọn dùn."

"Wọn ò gbọ́ àlàyé ẹ o. Ìgbà tí omi yẹn ti mọ́ ni ìpàdé ti parí lójú tiwọn. Ọmọ aráyé ò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó lè ṣe é ni wọ́n ń wá."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì lọ sùn.

Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í fu Tíṣà. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú gíláàsì, inú ike kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ló máa ń dà á sí. Bó bá padà débẹ̀, ike á ti gbẹ. Àwọn tó ń fi ẹ̀rín pè é ní Báwo-lẹ-ṣe-mọ̀ lójú ọ̀nà wá ń dákẹ́ bó bá yọ, wọ́n ń yà fún un bí ẹni pé iná ló gbé dání. Mẹkáníìkì kan tó ti bá a jiyàn rí dúró dè é lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ṣí fìlà, ó ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ ẹ̀jẹ̀ òun di omi. Tíṣà ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ṣeun mà," ni mẹkáníìkì wí, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Obìnrin télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó máa ń ṣa bọ́tìnnì lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nínú gbogbo èrò tó ti wo gíláàsì yẹn, ọmọ yìí nìkan ló béèrè ohun tó wà nínú ìyẹ̀fun rí, Tíṣà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú. Lọ́jọ́ kan tó ń sọ̀ kalẹ̀, kò gbúròó ọmọ náà. Ó yọjú wọ ṣọ́ọ̀bù. Orí ẹní ló wà láàárín àwọn ègé aṣọ, ojú rẹ̀ wú tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀, mà, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ má dààmú, ó ti ń lo omi yín."

"Omi wo?"

Télọ̀ fa ìgò kan yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ. Òórùn osàn wẹ́wẹ́ ni Tíṣà fi mọ̀ ọ́n. Oògùn tó wà nínú omi yẹn kì í ṣe ohun mímu. Ṣe ló ń ṣí ọmọdé nínú, tí omi ara á sì máa gbẹ lọ.

"Gbé e, ká lọ sọ́sibítù. Kíá!"

"Ha, mà! Wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, agbára omi yín á bà jẹ́. Omi tó di ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní kó mọ́, ó sì mọ́. Ṣé ìtọ̀ ọmọdé ló máa wá ṣòro fún yín?"

"Sáyẹ́ǹsì ni! Ṣé mi ò ṣàlàyé ni?"

"Ẹ ṣàlàyé, mà. Gbogbo àwọn tó lágbára gan-an ló ń sọ pé àwọn ò ní."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

Télọ̀ wò ó tìyanutìyanu. "Mo dán an wò ni. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ní ká máa ṣe? Mo fún un lálẹ́ àná. Nígbà tó jí láàárọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìbéèrè tí Tíṣà fi jẹun láti ìgbà èwe ló yíjú padà tó ń bù ú jẹ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó fẹ́ fi tipátipá gbé ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá rọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó pe Alága lórí fóònù. Alága ní kó fi sùúrù ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan sí i, pé òótọ́ kì í kánjú. Òótọ́ lè má kánjú, ọmọ tó wà lórí ẹní ń kánjú. Èémí rẹ̀ ti ń já.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tíṣà dìde, ó gba ìgò náà, ó gbé e sókè, ó sì rọ ohùn sílẹ̀ bí ọkùnrin inú gbọ̀ngàn ọjọ́sí. Ẹnu rẹ̀ wúwo bí òkúta.

"Gbọ́. Èmi ni mo ni omi yìí. Ó ti sọ fún mi pé iṣẹ́ òun ti parí, pé ọwọ́ dókítà ni kí wọ́n gbé ọmọ lé. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ọmọ yìí ò tíì dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ yẹn á padà wá, kò sì ní í lọ mọ́."

Télọ̀ kò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ti gbé ọmọ kọ́ ẹ̀yìn kí Tíṣà tó pa ẹnu dé, ó sá jáde láìwọ bàtà, ó ń ké lójú pópó pé Ìyá Olómi ti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yí orúkọ Tíṣà padà. Tíṣà gun òkè lọ, ó jókòó, ó kẹ̀yìn sí pátákó Alága. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ọmọ náà yè. Kíndìnrín ló ń dà á láàmú, àwọn dókítà sì ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ẹ̀pa kò ní í bóró mọ́. Tíṣà sunkún ayọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ lọ wo ojú ọmọ náà ná. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Wọn ò sọ iye èèyàn tí irọ́ á ti bá pàdé lọ́nà kí ọjọ́ náà tó pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ọmọ náà ti ọsibítù dé, Tíṣà bá èrò lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n gbé ìgò, ike àti korobá dání. Tíṣà ké sí wọn:

"Ẹ gbọ́, irọ́ ni mo pa! Dókítà ló wo ọmọ yẹn sàn!"

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni wọ́n wí, wọ́n sì yà fún un.

Lókè pátápátá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó, bàbá rẹ̀ sinmi lé e láyà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára ṣì wà lọ́wọ́ bàbá náà. Wọ́n ti já rọ́bà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti ibẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

"Níbo lẹ ti gbé wọn wá?"

"Ọsibítù ni, mà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Mo ní rárá o, ẹni tó ń pàṣẹ fún dókítà ń bẹ."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" ni Tíṣà bi í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà nawọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ Télọ̀ ti ń ṣa bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Òun nìyẹn, mà. Ó yè. Ojú wa la fi rí i." Ó sì na ife omi kan sí i.

Tíṣà wo bàbá náà, ó wo ẹ̀jẹ̀ orí símẹ́ńtì. Ó gba ife, ó gbé e sókè, ó sì rọ ohùn sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ kò wúwo.