Nọ́ńbà Méjìlélógún

Nígbà tí wọ́n gba Màmá Onítànṣán síṣẹ́ ní yunifásítì, kò tíì sí obìnrin kankan tó ń kọ́ni ní físíìsì níbẹ̀. Ó ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ìwádìí, ó ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ka ìtànṣán tó ń rọ̀ láti ojú sánmà, èyí tí ojú lásán ò lè rí. Ohun tó rí lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀gá rẹ̀ jí i gbé, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ ara rẹ̀. Ó dùn ún wọ akínyẹmú ara. Láti ọjọ́ náà, kò fọkàn tán ẹnì kankan mọ́.

Ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ àsọdùn, àfi bí aláròká. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá tú u, tí wọ́n tún un tò, àsọdùn rẹ̀ á yàtọ̀. Wọ́n á gbé òkúta kan tí wọ́n ti mọ iye ìtànṣán rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ, wọ́n á wo iye tó fi lé e. Iye ọ̀hún ni wọ́n á máa yọ lọ́dún náà. Màmá kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kà sínú ìwé, ṣùgbọ́n iye tó yẹ kí wọ́n yọ, inú orí rẹ̀ nìkan ló wà. Nọ́ńbà kan lọ́dún kan, fún ọdún méjìlélógún. Kí olè wá jí ìwé, ká wo ohun tó máa fi ṣe! Ẹ wo irú ọgbọ́n yẹn.

Ẹ̀rọ kọ́kọ́ jóná. Lẹ́yìn náà ni rọpárọsẹ̀ dé, ó mú apá ọ̀tún Màmá, ó sì kó gbogbo nọ́ńbà lọ. Ọ̀gá tó jà á lólè nìkan ni kò gbàgbé. Àsìkò yẹn gan-an ni lẹ́tà wọlé: àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ mẹ́ta fẹ́ da ohun tí wọ́n kà pọ̀ mọ́ tirẹ̀, torí sánmà tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè dá kà lọ. Wọ́n ní kó fi ránṣẹ́ kí oṣù tó parí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin to ìwé méjìlélógún sórí tábìlì.

“Màmi, ẹ rọra rántí.”

Màmá ronú títí òógùn fi bò ó. Ó pe nọ́ńbà kan, ó pe òmíràn, ó ní irọ́ ni. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ìwé dànù, ó bú sẹ́kún.

“Mo ti fi ayé mi ṣòfò. Tí mo bá kú, wọ́n á kàn fi dáná ni.”

Ọmọ yìí ló ránṣẹ́ pe bàbá tó ń bá wọn tú ẹ̀rọ láyé àtijọ́. Lọ́dún kẹfà, Màmá ká pẹ́ńsùlù mọ́ ọn lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ, ó pè é ní amí, ó lé e jáde. Bàbá dé tòun ti ìwé kan tó fi ọ̀rá wé.

“Ẹ kú ìnira, Mà.”

“Ìwé kí nìyẹn?”

“Ìwé iṣẹ́ mi ni, Mà. Ẹ̀rọ tí mo bá ti tò, mo máa ń kọ iye tó fi lé ti òkúta yẹn síbẹ̀, kí ẹni tó máa tún un ṣe lẹ́yìn mi má baà jìyà. Ohun tí mò ń kọ lọ́jọ́sí nìyẹn.”

Ọmọ ka nọ́ńbà mẹ́fà. Màmá ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ yá gágá.

“Òun ni! Òun gan-an ni! Ka ìyókù.”

Bàbá ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Funfun ni.

“Ẹ ti lé mi nígbà yẹn, Mà.”

Màmá fi ọwọ́ òsì kan ojú ewé funfun náà. Ó ní kí wọ́n fi ọdún mẹ́fà ránṣẹ́, kí orúkọ Bàbá ṣáájú tòun. Ìwé mẹ́rìndínlógún tí kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà wọn mọ́ ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Ó pé pérépéré, ojú ewé kan ò já níbẹ̀.