Ọjọ́ Tí Ògógóró Kọ̀ Tí Kò Kán

Àgbá náà ń kérora bí ẹni tí inú ń run. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bu omi tútù sínú ọpọ́n gígùn tí páìpù gbà kọjá. Mo wo ìgò tó wà lẹ́nu páìpù, kò sí ohun tó ń kán sínú rẹ̀ mọ́. Mo figbe ta.

Ògógóró ni ìyá mi àgbà ń pọn lẹ́yìn ilé wa ní Ẹdẹ. Bọ̀dá mi, àbíkẹ́yìn wọn, ló ń dá ẹmu wá láti oko. Ẹmu á kan, òórùn rẹ̀ á gba àgbàlá. Wọ́n á dà á sínú àgbá, wọ́n á fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á wá koná sí i. Àwọn ará ilé kejì, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, kì í fẹnu kàn án, ṣùgbọ́n kànga wọn la ti ń pọn omi iṣẹ́ náà.

Bọ̀dá mi fa ọ̀bẹ yọ, ó fẹ́ fi la amọ̀ náà kí ooru lè jáde.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni ìyá àgbà wí. "Bí ooru ọtí bá pàdé iná, gbogbo wa la máa jóná."

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀! Ó máa bú!"

Màmá mi fà mí sẹ́yìn ògiri, mo sì yọjú. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ síwájú àgbá tó ń wú, wọ́n ń fa igi iná jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tì í bọ inú iyanrìn. Wọn ò kánjú. Wọ́n wá fi igbá bu omi, wọ́n ń dà á sára àgbá láti òkè wá sílẹ̀. Ìkérora náà ń lọ sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú páìpù, tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu tó ti dì bí ẹ̀kọ ló jábọ́.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni, ìyá àgbà?" ni mo bi wọ́n.

"Ó bà mí o, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi gbọ́, mi ò kàn jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ́ ni."

Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mò ń ṣe lónìí. Bí ọ̀ràn bá le, tí àwọn èèyàn ń sáré sókè sódò, orúnkún mi máa ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ rò pé mi ò mọ ẹ̀rù. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ẹ̀rù ń bà mí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ti kọ́ bí wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́.