Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún Tó Kù Kí Owó Pé

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi se oúnjẹ ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá kúrò ní Ìlaró ní ìdájí, tó gba Òkè-Ọ̀dàn dé bodè Ìdí-Ìrókò, á ti wà ní Àjàṣẹ́ kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀ ìdálẹ̀ ni. Owó sẹ́fà ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, Faransé ni ọlọ́pàá wọn ń sọ, n kò sì gbọdọ̀ rìn láìmú káàdì tó fi hàn pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé níbẹ̀ dání.

Màmá mi wà ní Ìlaró. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sóko mọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò sì gbọdọ̀ já lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo ń wá kò ju ibi tí mo lè fi ìwọ̀nba owó tí mo kó jọ sí lọ, tí èlé rẹ̀ yóò máa wọlé fún Màmá ní iye kan náà, ní àkókò kan náà, yálà mo wá sílé tàbí n kò wá. N kò wá èrè ńlá. Èyí tí kì í yẹ̀ ni mo ń wá.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń kó ìrẹsì gba Ìdí-Ìrókò wọlé, ní kí n kó owó náà fún òun, òun á máa fún Màmá ní nǹkan lóṣooṣù. Mo bi í pé bí ọjà kò bá tà ńkọ́. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìrẹsì ní hóró kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e kaná. Ta ni kò ní jẹ ìrẹsì?"

Mo kọ́kọ́ fún un ní díẹ̀ láti fi dán an wò. Oṣù méje gbáko ló san án pé. Ní oṣù kẹjọ, ó mú ìdajì wá. Ní oṣù kẹsàn-án, ìrẹsì ló gbé fún Màmá dípò owó. Mo gba owó mi padà díẹ̀díẹ̀, a kò sì jà, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, èmi àti Màmá lọ sí báńkì kan ní Ìlaró. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn fara balẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa ìwé owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ ará ìlú, tí wọ́n ń san èlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ṣùgbọ́n ọdún tí èyí máa gbà ti pọ̀ jù fún ọjọ́ orí Màmá. A wá fẹnu kò sórí fíkísì: owó máa wà níbẹ̀ fún ọdún kan láìfọwọ́ kàn án, èlé á máa wọ àkáǹtì Màmá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí a bá fọ́ ọ kó tó pé, èlé oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Àǹtí, ẹ̀yin kò gbé nílé. Ta ni ẹ fẹ́ kó lè fọwọ́ sí i dípò yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

Màmá jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan. N kò wo ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ní, "Kò sí o. Àfi èmi fúnra mi."

Nígbà tí a ń lọ sílé, Màmá ní mo ṣe dáadáa. Wọ́n ní àbúrò mi á ti wá tọrọ rẹ̀, ẹnu àwọn kò sì ní lè kọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ara mi nìyẹn, kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba ti bodè. Ìrẹsì àbúrò mi dúró. Ọkọ̀ ẹrù tò sójú ọ̀nà títí koríko fi hù lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n èlé Màmá kò yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì bá ti dé sórí fóònù wọn, wọ́n á gbé e lọ kí ọmọ ilé kejì bá wọn kà á, wọ́n á wá pè mí.

"Owó rẹ ti bímọ o. Ọmọ náà jọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìmumu."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lójú ọ̀nà yẹn, gbogbo nǹkan ló dúró àfi owó mi, inú mi sì ń dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àbúrò mi pè. Ó ní ara Màmá kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ọwọ́ kan ló ń wúwo fún wọn díẹ̀, àti pé dókítà ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ní Abẹ́òkúta. Owó tí ilé ìwòsàn máa kọ́kọ́ gbà ló ń wá. Mo fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́, kò sì tó. Mo bi í bóyá àìsàn náà le. Ó ní kò le.

Mo yọ ìwé fíkísì wò. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kó pé. Káàdì ìgbélùú mi náà wà lọ́dọ̀ ìjọba wọn fún àtúnṣe, ìwé ẹ̀rí pélébé kan ni wọ́n fún mi mú dání. Mo rò ó pé bodè tí wọ́n tì, wọn kò ní jẹ́ kí n fi pélébé ìwé kọjá lọ fọwọ́ sí i ní báńkì. Mo ní kó gbé fóònù fún Màmá. Ohùn wọn lọ́ díẹ̀.

Wọ́n ní, "Má fọ́ ọ. A kì í ṣẹ́ oyún tó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Jẹ́ kó pé."

Ó yẹ kí n mọ̀. Ọmọ ilé wa ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, inú yàrá ni mo jókòó sí nígbà tí àwọn àgbà ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò bàbá mi ní Kútọnu pé ara ìyá rẹ̀ gbóná díẹ̀. Òkú obìnrin náà ti wà nílẹ̀. A kì í sọ òótọ́ tán fún ará ìdálẹ̀, kó má baà sáré kó sí ewu lọ́nà. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ pa á mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe gbà á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Ní ọjọ́ kejìlá, àbúrò mi tún pè. Kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Màmá ń béèrè yín."

Lọ́tẹ̀ yìí mo mọ̀. Mo bọ́ aṣọ ìdáná, mo gun ọ̀kadà dé ẹnubodè, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn aṣọ́bodè. Mo na ìwé pélébé náà sí ọ̀kan nínú wọn. Kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó wo ojú mi.

"Màmá, ẹ máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni mo kọjá. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún ọjọ́ méjìlá, n kò lò tó ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀.

Mo rí bàtà tó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Mùsùlùmí ni Màmá, wọ́n ti sin wọ́n ní àná. Àbúrò mi dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní bí òun bá ti sọ ọ́ lórí fóònù ni, n kò ní lè rin ọ̀nà náà dáadáa. Mo bi í báwo ni wọ́n ṣe rí owó gbé Màmá dé Abẹ́òkúta. Ó gbé báàgì mi wọ yàrá. Aládùúgbò ló sọ fún mi pé ó ta ọ̀kadà tó fi ń kó ìrẹsì lọ́jọ́ kẹfà, lẹ́yìn tó ti wá owó yá káàkiri tí kò rí. Àwọn dókítà ní wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé Màmá dé.

Owó pé ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Mo fẹ́ ra ọ̀kadà padà fún àbúrò mi, a sì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí báńkì. Ó ní òun á dúró níta. Ọmọbìnrin ọjọ́sí náà dá mi mọ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ ti pé, kò sí èyí tó dín níbẹ̀.

"Ṣé Màmá ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tiwọn? Àárọ̀ yìí ni èlé wọlé."

Fóònù Màmá wà nínú báàgì mi. Mo gbé báàgì náà lé itan, mo yọ fóònù jáde, mo kà á. Iye náà kò yẹ̀. Ó jọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìmumu.