Mọ́mì ní kí n gbàdúrà pẹ̀lú ohùn tó kù

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí Màmá Tolú, ìyá kan nínú ìjọ wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.

Èmi ni mo máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpọ̀nrí. Àmọ́ látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún mi, ohùn mi ò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ mọ́. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó báyìí.

Màmá Tolú wá bá mi níbẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Tolú lọ́la. Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbàdúrà fún un."

"Mọ́mì, ohùn mi ò jáde mọ́. Ẹ jẹ́ ká pe Pásítọ̀."

"Ṣé etí Ọlọ́run ti di ni?"

Mo di ọwọ́ wọn mú, mo gbàdúrà. Wọ́n ń ṣe àmín, omijé ń bọ́ lójú wọn.

Ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé mi ò rántí bẹ Ọlọ́run fún ohùn mi rárá.

Ta ló ti ṣe irú èyí rí? Ẹ bá mi sọ̀rọ̀.