Kókó Mẹ́ta Nínú Ọrùn Kóòtù

Ká má parọ́, àyà Akọ̀wé ń já lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn. Màmá pé ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kóra jọ sí yàrá wọn, wọ́n ń rántí ìgbà èwe, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Akọ̀wé, tó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání wá, ò kọjá eyín.

Aránṣọ ni Màmá. Aṣọ tó bá ṣẹ́ kù lára ti oníbàárà ni wọ́n fi ń ránṣọ fáwọn ọmọ, aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá jọra bí ìbejì, ìjà àràárọ̀ dé nìyẹn. Ni Màmá bá mú òwú pupa, wọ́n so kókó sínú ọrùn aṣọ: ẹyọ kan fún Bọ̀dá Mẹkáníìkì tó jẹ́ àkọ́bí, méjì fún Àǹtí Tíṣà, mẹ́ta fún Akọ̀wé, ọmọbìnrin tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Kò sí aṣọ ọmọ tó kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn láìní kókó, àní nígbà tí Bọ̀dá ti hu irùngbọ̀n!

Nísinsìnyí tí ojú Màmá ti di bàìbàì, kókó yẹn ti di eré láàárín wọn. Ọmọ á kúnlẹ̀, Màmá á ti ìka bọ ọrùn aṣọ rẹ̀.

"Ẹyọ kan! Mẹkáníìkì mi, o ò tíì fọ epo yẹn kúrò lọ́wọ́?"

Akọ̀wé ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ìwà tó hù. Nígbà tó kọ́kọ́ ríṣẹ́, Màmá fi ọjọ́ mẹ́rin gbáko rán kóòtù kan fún un. Ó wọ̀ ọ́ dé ọ́fíìsì, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yẹ ọrùn kóòtù náà wò.

"Kí ni ti òwú pupa yìí? Àbí ìyá ẹ ló rán an?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá mi kẹ̀? Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á."

Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́, ẹ gbọ́ ná! Bó ṣe délé, ó mú bíléèdì, ó gé kókó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù. Láti ìgbà náà, ojú ń tì í tó bá ti fọwọ́ kan ibẹ̀.

Àfi bí Màmá ṣe ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún yìí pé, "Kóòtù ọ́fíìsì yẹn ni kó o wọ̀ wá o." Wàhálà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Akọ̀wé wá òwú pupa, ó so kókó mẹ́ta síbi tó ti gé e. Ó rò pé òun gbọ́n.

Ó kúnlẹ̀. Màmá ti ìka bọ ọrùn kóòtù, wọ́n kà á: kan, méjì, mẹ́ta. Ìka wọn dúró.

"Èyí kọ́ ni tèmi. Kókó tèmi kì í gún ọmọ lọ́rùn."

Ọmọbìnrin Akọ̀wé ń wo ìyá rẹ̀ lójú. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, Akọ̀wé ì bá kó sínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Èmi ni mo gé e. Ojú ló ń tì mí, mo ní ẹ̀yin kọ́ lẹ rán an."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ṣebí o gbé e wá kí n bá ẹ tún apá rẹ̀ ṣe lọ́dún náà lọ́hùn-ún? Ojú mi ṣì ń ríran dáadáa nígbà yẹn. Mo rí ojú bíléèdì."

Akọ̀wé bú sẹ́kún. "Kí ló dé tẹ́ ò so òmíràn, Mà?"

Màmá rọra ń fi èékánná tú kókó tó ń gúnni yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti mú òwú dání lọ́jọ́ náà. Mo wá rò ó pé wàá tún gé e."