Ọ̀dà Etí Òkun Lára Ilé Baba Wa

Òórùn ọ̀dà ló máa ń dá mi padà sí ọdún náà. Bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń kun ilé lónìí, àní bó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, imú mi á ti mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i, màá sì yà sí òdìkejì títì. Àwọn ọmọ mi rò pé ara àgbà ni. N kì í bá wọn jiyàn.

Ìgbà tí à ń ná pọ́n-ún àti ṣílè ni. Ilé amọ̀ ni ilé baba wa ní Ìkọ̀lé, páànù ni a fi bò ó. Baba wa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ, inú rẹ̀ náà ló kú sí. Ìyá mi ti lọ ṣáájú rẹ̀, nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè rántí ojú rẹ̀ dáadáa. Àwọn ìyàwó ilé ló tọ́ mi. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ìyàwó ilé kì í ṣe ìyàwó ẹnìkan ṣoṣo. Gbogbo obìnrin tí a fẹ́ wá sínú agbo ilé wa, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nínú wọn ni Ìyálé, ọkọ wọn sì ni gbogbo àwa ọmọ ilé, títí kan èyí tí a bí lánàá. Wọn kì í pe orúkọ wa. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, 'Ọkọ Èkó' ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mo ka ìwé díẹ̀ kí n tó padà sídìí ọkọ́ àti àdá, 'Akọ̀wé' ni tèmi. Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó dùn létí.

Àwọn ni wọ́n ń pa ògiri. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọn á po bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù, mọ́ amọ̀ pupa àti omi ewé gígún, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á mọ́ ara gbogbo ilé tó wà nínú agbo ilé. Orin ni wọ́n fi ń ṣe é, inú orin náà ni wọ́n sì ti ń bú àwa ọkọ wọn, nítorí kò sí ẹni tó lè bá obìnrin tọwọ́ rẹ̀ kún fún bọ́tọ jà. Ilé tí ìyàwó tuntun bá fẹ́ wọ̀ ni wọ́n ń pa dáadáa jù. Ọwọ́ tó pa ògiri náà ni yóò bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó tó wọlé. Ìyàwó tí wọn kò bá bu omi sí lẹ́sẹ̀, àlejò ni.

Lọ́dún náà, èmi ni ìyàwó ń bọ̀ wá bá, ọmọ Ìtàjí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé gbogbo ìnáwó rẹ̀, bó ṣe san owó ilé-ìwé mi láti ìgbà tí baba ti kú. Baba ni mo fi í ṣe. Bó bá ní kí n jókòó, ilẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí kí n tó wò ó bóyá àga wà níbẹ̀.

Ó wọlé láti Èkó pẹ̀lú akunlé kan. Ilé àwọn olówó etí òkun ni ọkùnrin náà ń kùn, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Owó iṣẹ́ tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó páànù tó wà lórí ilé. Nígbà tí mo lanu, ó ṣe àlàyé fún mi pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń bá màlúù sọ̀rọ̀: iyọ̀ ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ òkun, iyọ̀ náà ń jẹ ọ̀dà bí ikán ṣe ń jẹ igi, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ fi irin họ ara ògiri títí yóò fi mọ́, kí òun tó fi ọ̀dà olóróró kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Òkun wo ló wà ní Ìkọ̀lé?"

Ó gbójú sókè wo ọ̀run. Ó ní, "Àbúrò ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń rìn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe sanwó iyọ̀ òkun ní ìlú tó jẹ́ pé iyọ̀ inú ọbẹ̀ nìkan la mọ̀.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Lọ sọ fún àwọn obìnrin yẹn pé kí wọ́n má fi bọ́tọ wọn dé ilé mi mọ́. Ayé ti là."

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo dúró lẹ́yìn ilé ewúrẹ́, mo ń wá bí mo ṣe máa fi tọmọ jẹ́ èyí. Òbúkọ kan ń wò mí, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi pé òun náà ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí. Nígbà tí mo dé iwájú Ìyálé, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹ sinmi lọ́dún yìí."

Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Sinmi? Akọ̀wé, òkú ni í sinmi. Ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú.

"Ta ló wá gba uṣẹ́ wa?"

Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi sì gbọ́, ó gbé mi kúrò níbẹ̀.

Akunlé bẹ̀rẹ̀ sí í họ ògiri, nínú àti lóde. Ohun tí wọ́n ti pa mọ́ ọn láti ọdún gbọ́nhan ń já bọ́ ní ìpele ìpele, pupa lórí dúdú, dúdú lórí pupa, eruku rẹ̀ ń bo àgbàlá. Àwọn ìyàwó ilé jáde, wọ́n dúró lọ́nà jíjìn, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọrin, kò sẹ́ni tó bú wa, ìyẹn ló sì kó mi láyà sókè jù. Ìyálé nìkan ló sún mọ́ mi. Ó rọra sọ ọ́, bíi pé ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni: "Ìyá rẹ wà nínú eruku yẹn. Apá ibi fèrèsé yẹn, òun ló máa ń pa á." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé náà dán. N kò ní purọ́. Ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹyin tí a fọ́ sórí epo, àwọn èèyàn ń ti Ọ̀yẹ́ wá wò ó. Akunlé gba owó rẹ̀ tán, ó wọ ọkọ̀ Èkó, ẹ̀gbọ́n mi sì ń rìn káàkiri iwájú ilé, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara ògiri bí ẹni tó ń wo ibà ọmọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí oòrùn ṣe ń rọ̀, àwọn obìnrin Ìtàjí mú ìyàwó dé pẹ̀lú orin. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n kọrin kan tán, wọ́n kọ òmíràn. Kò sẹ́ni tó gbé omi jáde. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu wọn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi àwọn tó wà níwájú pé kí ló dé, ìyàwó mi sì dúró lábẹ́ ìbòrí rẹ̀ bí igi tí a gbàgbé sójú ọ̀nà. Mo ronú pé kí n fúnra mi sáré lọ bu omi. Mo tún ronú pé, ta ni mí?

Ìyálé wá jáde, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ló ti jáde, ní òdìkejì àgbàlá, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ó wá di ọwọ́ ìyàwó mú, ó fà á kọjá níwájú gbogbo wa, ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé tirẹ̀, ó sì mú un wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Ọkọ mi, ìyàwó rẹ ti wọ ulé. Ulé tá a mọ̀ ló wọ̀. Ìwọ àti ọ̀dà rẹ, ẹ máa gbádùn ara yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ilé ní kí ó lọ bẹ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó ní, "Èmi? Kí n lọ bẹ àwọn obìnrin tí baba mi àtàwọn àbúrò rẹ̀ fẹ́ sílé?" Iṣẹ́ ń dúró dè é ní Èkó. Kó tó wọ ọkọ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Wọn á dá ìyàwó rẹ padà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èékánná kan ọ̀dà yẹn, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti parí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Èmi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó fún!

Mo wá di àpọ́n tó ní ìyàwó. Èmi nìkan ń sùn nínú ilé dídán, òórùn ọ̀dà ń fọ́ mi lórí, láàárọ̀ màá máa wo ìyàwó mi bó ṣe ń gbá iwájú ilé onílé. Bí mo bá lọ kí i, Ìyálé á jókòó sáàárín wa, á máa béèrè bí iṣu mi ṣe ń ṣe lóko. Òjò bẹ̀rẹ̀, wọn kò dá a padà. Àwọn ará Ìtàjí ránṣẹ́ pé ṣé ọmọ àwọn wà nílé ọkọ àbí kò sí.

Ní ọ̀nà odò ni mo ti rí ìyàwó mi lóun nìkan. Mo ní kí ó jẹ́ kí a yọ́ wọlé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ó sọ ìkòkò omi rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin, ọwọ́ àwọn obìnrin yìí ni n ó bímọ sí. Bí mo bá ti ẹ̀yìn wọn wọlé, ta ni yóò gba ọmọ náà?"

Ó gbé omi rẹ̀, ó lọ. N kò tí ì mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mú àdá. Yàrá inú nìkan ni, mo sọ fún ara mi, ta ni yóò rí i? Mo ti ìlẹ̀kùn. Gbogbo bí àdá bá ti ha ara ògiri ni mo ń bojú wẹ̀yìn, bíi pé wọ́n á gbọ́ ọ títí dé Èkó. Ọ̀dà náà le bí awọ màlúù, ṣùgbọ́n omi ti há sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ ti rọ̀, nígbà tó sì fẹ́ já, odindi ògùlùtu ló bá a já lé mi lẹ́sẹ̀. Mo pariwo. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, gbogbo ìyàwó ilé ló dúró síbẹ̀, tàwọn ti igbá bọ́tọ tí wọ́n ti po láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ìró àdá. Ìyálé wo ògiri, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ bá a gba àdá yẹn kó tó wó ulé lu ara rẹ̀." Wọ́n fi ẹ̀rín lé mi síta, wọ́n wọlé, orin sì bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí òkúta níta, wọ́n ń bú mi nínú orin, omi ń bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ tútù wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Kérésìmesì. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ mi sílẹ̀ lọ́kàn. Ó wọ yàrá inú, ó dúró, ó wo ara ògiri yíká. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá ti dọ̀bálẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sun ilé baba wa mọ́. Bí mo bá bímọ, yóò fi aṣọ rán awakọ̀. Bí mo bá lọ sí Èkó, ìyàwó rẹ̀ á ní ó ti jáde. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ òkè ọ̀nà jíjìn.

Ó di ọdún pípẹ́ kí ó tó wá. Ó ti gbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ìyálé ti kú, àwọn yòókù ti tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ta ló kù nínú àwọn obìnrin yẹn?"

Mo ní, "Ìyàwó mi nìkan."

Ìyàwó mi ti gbọ́. Ó gbé omi jáde nínú ife, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ sílé." Ẹ̀gbọ́n mi gba ife náà. Ó dì í mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì yí ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí àgbàlá. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbé ife sórí pèpéle, ó ní ilẹ̀ ń ṣú, ọkọ̀ ń dúró de òun. A kò tún fojú kanra mọ́ láyé.

Mo gbé ife náà wò lẹ́yìn tó lọ. Omi inú rẹ̀ dín díẹ̀. Èmi ń rò pé ọwọ́ gbígbọ̀n ló dà á nù. Ìyàwó mi ní rárá, ó mu ún, òun rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe lọ. Ibi tó kúnlẹ̀ sí, n kò mọ bó ṣe lè rí ọ̀nà ọ̀fun ẹni tó kẹ́yìn sí i. Ṣùgbọ́n n kò bi í rí.