Bàbá Dúrótoyè Tí Kì Í Fo Àwo

Ní Isikan, ní ìlú Àkúrẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Bàbá Reuben Dúrótoyè, ìtàn Fíkà àti itan adìẹ ni gbogbo ẹnu máa ń kọ́kọ́ sáré bọ́ sí. Ọjọ́ tí Bàbá pé ẹni àádọ́rin ọdún ni. Fíkà ìjọ wọn wá gbàdúrà fún un, wọ́n sì gbé ìrẹsì síwájú ìránṣẹ́ Ọlọ́run, pẹ̀lú itan adìẹ dídín ńlá kan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ sídì aláwo-márùn-ún ń kọrin ìyìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé itan náà jẹ lẹ́ẹ̀kan péré ni orin parí. Ẹ̀rọ dún kírí-kírí, ó yí, ó gbé àwo karùn-ún sẹ́nu iṣẹ́, ohùn ọkùnrin kan sì gba gbogbo pálọ̀: "Bí ìgbẹ́ adìẹ yín bá ń jáde ní funfun, tó ń lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ẹ má jáfara o!"

Fíkà gbé itan sílẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fo èyí."

"Kí n fò ó kẹ̀?" Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Fíkà, àwo kẹrin kọrin títí ó fi tán, mi ò fò ó. Ó wá kan àwo karùn-ún, ẹ ní kí n fò ó. Ṣé torí pé òun ò mọ orin kọ ni?"

"Oúnjẹ la ń jẹ, Bàbá."

"Iṣẹ́ lòun náà ń ṣe."

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì gbáko ni àwo yẹn. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí dé orí aràn inú ìfun. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti pe Fíkà sílé Dúrótoyè, ẹja ló máa ń bèèrè.

Bísọ́dún, àkọ́bí Bàbá, ló ra ẹ̀rọ yẹn fún un lọ́dún tó fẹ̀yìntì. Ẹ tẹ bọ́tìnì, pẹpẹ kan á yọ jáde bí ahọ́n, ojú ihò márùn-ún á sì wà lórí rẹ̀ fún àwo márùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá kan da àwo sí i, kó máa gbọ́ orin tirẹ̀. Bàbá kọ́! Ó mú fáìlì, ó fa ìlà, ó yan àwo kọ̀ọ̀kan sípò. Àwo àpàlà kan tó fẹ́ràn ju ìyàwó rẹ̀ lọ (Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe èmi) bọ́ sípò kìn-ín-ní. Orin inú ìwé orin mímọ́ wà ní ìkejì, ìwàásù ní ìkẹta, orin ìyìn ní ìkẹrin. Ìkarùn-ún ni ìdálẹ́kọ̀ọ́ lórí adìẹ sísìn, tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìpàdé àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìntì ní Alágbàká. Bàbá ò sin adìẹ kan ṣoṣo rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé inú ilé yẹn tí kò lè wo adìẹ sàn.

Ẹ má bá a wí jù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì fò ó nígbà ìgbéga. Àwọn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń so okùn fáìlì ló di ọ̀gá lé e lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fò ó lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó délé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó dìde dúró láàárín pálọ̀, ó ní, "Nínú ulé mi yìí, ẹnìkan ò ní fo ẹnìkan mọ́." Bí inú bá ti bí i, èdè Àkúrẹ́ ló máa ń bọ́ sí, ẹ má wulẹ̀ bá a jiyàn mọ́ nìyẹn.

Wàyí o, ìyàwó rẹ̀, Màmá Ìbídùnní, ọmọ Oǹdó ni. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣèrìbọmi níbẹ̀ ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n gba orin ẹgbẹ́ akọrin sínú àwo, wọ́n sì ní kí Màmá wá dá ẹsẹ kan kọ. Ó kọ ọ́. Wọ́n fún un ní àwo kan. Ohun tí obìnrin yìí ń fẹ́ láyé kò ju ẹyọ kan lọ: kí ohùn òun dún nínú ilé òun.

"Bàbá Bísọ́dún, ẹ bá mi fi àwo mi sí i."

"Àyè ò tíì ṣí sílẹ̀."

"Ẹ yọ aládìẹ."

"Kí ló ṣe?"

"A ò ní adìẹ!"

"Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Kọ̀wé."

Màmá sì kọ̀wé lóòótọ́, ó buwọ́ lù ú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èsì dé láti ọwọ́ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà: "A ti rí ìwé yín gbà. Ẹ máa retí."

Màmá ò bá a jà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbé iyán síwájú rẹ̀, ọbẹ̀ lásán ló wà nínú abọ́.

"Ẹran dà?"

"Kò tíì kàn yín."

Bàbá wo inú abọ́ náà. "Ta ló ṣáájú mi?"

"Bísọ́dún. Lẹ́yìn rẹ̀ èmi. Lẹ́yìn mi ológbò."

"Ó tọ́," ni Bàbá wí, ó sì tọwọ́ bọ àpò wá bírò. "Ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀?" Ẹ̀rín pa Màmá débi pé ó ní láti di ògiri mú. Ó padà lọ bu ẹran fún un.

Ọjọ́ kan wà tí aládìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. "Ẹ fún adìẹ-dìẹ-dìẹ-dìẹ-dìẹ..." Màmá jó jáde láti ilé ìdáná, tòun ti ọmọrogùn lọ́wọ́. "Ó ti fẹ̀yìntì! Olúwa ṣeun!"

"Ara rẹ̀ ni ò yá," ni Bàbá dáhùn. "Mo fún un ní ìsinmi àìsàn." Ó fi ọṣẹ ìfọyín pa àwo náà, ó fi òwú nù ún jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, aládìẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ohùn rẹ̀ tún já gaara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. 

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Bàbá kọ̀, ènìyàn méjì ló sì máa ń gbé e láti yàrá wá sí pálọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá ti Oǹdó dé, níbi tó ti lọ kí àbúrò rẹ̀, ó bá Bàbá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, òógùn bò ó.

"Yéè! Ta ló gbé yín débí?"

"Mo wọ́ ara mi wá ni. Tẹ bọ́tìnì."

"Ẹ jẹ́ n gbé yín dìde ná."

"Mo ní o tẹ bọ́tìnì, Ìyá Bísọ́dún. Àwo kìn-ín-ní ló kàn."

Màmá tẹ̀ ẹ́, ó ń retí àpàlà. Dùùrù ló gbọ́. Ẹgbẹ́ akọrin gbè é, lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dá jáde, tó ń gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ̀rù ba Màmá lọ́jọ́ tó kọ ọ́.

Ó yíjú sí Bàbá. "Ta ló fẹ̀yìntì?"

"Èmi ni." Àwo àpàlà wà lórí itan Bàbá.

"Kí ló dé tí ẹ ò yọ aládìẹ?"

"Aládìẹ ò ṣẹ̀." Bàbá gbójú sókè wò ó. "Ìbídùnní, ọdún mọ́kànlá ni mo fi fò ọ́. Ohun tí wọ́n ṣe sí mi gan-an ni mo ń ṣe sí ọ. Dárí jì mí."

Màmá jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sunkún. Wọ́n gbọ́ àwo márààrún tán lọ́jọ́ náà, tadìẹtadìẹ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá lọ. Ẹ̀rọ ṣì wà níbẹ̀. Àwo àpàlà rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ náà nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú bébà kan tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Òun ló kàn bí àyè bá ṣí."

Nígbà Àjíǹde tó kọjá, àwọn ọmọ pé sílé. Aládìẹ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ Bísọ́dún, ti na ọwọ́ sí rìmóòtù. "Màmá àgbà, ẹ jẹ́ n yọ eléyìí, ká fi ti Bàbá sí i. Ṣé kò wù yín gbọ́ ni?"

"Ó wù mí," ni Màmá wí. "Àárò rẹ̀ ń sọ mí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bàbá yín àgbà ò fi ẹnikẹ́ni ṣíwájú ẹni tó kàn. Mi ò ní torí tirẹ̀ fo ẹlòmíràn."

Ó gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí ohùn sókè. Ọkùnrin náà ti dé orí aràn inú ìfun. Ẹ̀rín mú Màmá títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó sì jókòó gbọ́ ọ tán.